Ọmọ Òṣìṣẹ́ Tó Fẹ́ Di Ọ̀gá Ọlọ́pàá

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ yín bá gboyè yunifásítì tó sì fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà, ẹ má dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ là á yé e: oníwèé sẹ́kọ́ńdírì ń bẹ̀rẹ̀ ní kọ́ńsítébù, àṣẹ ni yóò máa gbà, ọ̀gá ni ẹni tó gboyè máa ń di, òun ni yóò máa pàṣẹ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Nofẹ́ńbà 1949, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní kí wọ́n yìnbọn ní Iva Valley, Enugu. Awakùsà 21 ló kú. Owó tó tọ́ sí wọn ni wọ́n ń bèèrè.

Òfin kò gba ọlọ́pàá láyè láti ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ilé ni kó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí: owó ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ wà àti làálàá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ la fi rán an níwèé.