Omi Tó Ń Kán Nílé Onílé
Nígbà tí mo yà kí ojúlùmọ̀ mi kan ní Ìkòròdú lọ́sẹ̀ yìí, tí mo rí i pé ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ń kán tó, tó, tó, títí ọ̀dà ara ògiri fi bó, tí ó sì wí pé onílé lòun ń retí láti èṣí, ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀yin ará mi, Òfin Ilé Gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí onílé máa tún ìta ilé ṣe, ṣùgbọ́n ó ní kí ayálégbé náà tọ́jú ibùgbé rẹ̀; apẹja Ẹ̀pẹ́ tó yá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í sì í retí ọlọ́kọ̀ kí ó tó gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, èmi àti ojúlùmọ̀ mi ti omi pa, a fi sípánà tú ẹnu ẹ̀rọ. Rọ́bà tí kò tóbi ju ojú kọ́bọ̀ lọ ló ti jẹ. A pààrọ̀ rẹ̀, kíkán sì dẹ́kun.