Omi ẹja tí ẹ ń dà sí gọ́tà, ajílẹ̀ ni o

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ó dùn mọ́ mi pé àwọn ará wa ń sin ẹja àrọ̀ nílé ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà níbí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi, gọ́tà lẹ ń dà á sí, á sì ṣàn lọ sí ojúlé aládùúgbò. Òórùn á gba àdúgbò kan, ìjà á dé. Ẹ ń kọ Halelúyà láàárọ̀, ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ yín ò lè ṣí fèrèsé! Ṣé ìfẹ́ aládùúgbò nìyẹn?

Ajílẹ̀ lẹ ń dà nù yẹn. Láti ara ẹja àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ammonia ti ń wá, bó bá sì pọ̀ jù, á pa ẹja fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí wọ́n á tún sọ nitrite di nitrate, oúnjẹ ẹ̀fọ́ nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀rọ fa omi láti táǹkì ẹja sínú àpótí òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ugwu tàbí gbúre sí. Ẹ̀fọ́ á jẹun, omi á mọ́, á tún padà sọ́dọ̀ ẹja. Aquaponics ni wọ́n ń pè é. Àjọ FAO tẹ odidi ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2014.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wo fídíò òyìnbó, tí ẹ ń sọ pé trout lẹ fẹ́ sìn, ẹja omi tútù nìyẹn o. Bí omi bá ti ju 20°C lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Omi tó wà láàárín 25 sí 30°C ni ara àrọ̀ ti ń yá, irú rẹ̀ la sì ní níbí. Èló lẹ fẹ́ máa san lówó iná láti mú omi tutù? Bí iná bá tún lọ, àrọ̀ á yọ ẹnu sókè, á mí afẹ́fẹ́. Trout ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òṣómàáló kì í fowó ra ìyọnu!

Ẹ má kánjú. Ó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn kòkòrò yẹn tó pọ̀ tó, ẹja díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ya ńlá kúrò lára kékeré, torí àrọ̀ a máa jẹ ara wọn. Ẹ má fín oògùn sí ẹ̀fọ́ náà, ẹja ló máa pa.

Mi ò sọ pé ẹ máa di olówó o. Oúnjẹ ẹja wọ́n. Ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ yín á mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kan á ní kí Pásítọ̀ gbájú mọ́ Bíbélì. Ẹ lọ kà á dáadáa: Ọlọ́run ti fi Ádámù sínú ọgbà kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí Éfà tó dé.

Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹni tó bá máa ṣe Àmín, kó kọ́kọ́ lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀.