Awò Kì Í Ṣe Oògùn

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2021 tí FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí awò VR kan, awò tó ń gbé ayé inú kọ̀ǹpútà síwájú ojú, fún ẹ̀yìn dídùn tó ti di bárakú, gbólóhùn kan ò kúrò lẹ́nu àwọn alágbàwí rẹ̀: oògùn apàrora fẹ́ẹ̀ kógbá sílé. Ọ̀rọ̀ náà á dùn létí ọ̀gá ilé ìwòsàn tó ń ṣọ́ owó.

Seattle ni awò yìí ti gbayì, ní ilé ìwòsàn Harborview, níbi tí Hunter Hoffman àti David Patterson ti gbé eré VR kan tó ń jẹ́ SnowWorld kalẹ̀ fún àwọn tí iná jó. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣe ń ha òkú awọ kúrò lójú egbò, aláìsàn á dé awò mọ́jú, á máa léfòó láàárín òkè yìnyín, á máa ju òkò yìnyín lu pẹ́ńgúìnì. Ọkàn tó wà lọ́dọ̀ pẹ́ńgúìnì kì í ráyè egbò tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n oògùn apàrora tó le ti wà lára àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn kí awò tó kan ojú wọn. Wọ́n fi awò kún oògùn ni. Wọn ò fi rọ́pò oògùn.

Àwọn alágbàwí awò á ní oògùn apàrora yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà di ẹrú. Òótọ́ ni. Ṣé ẹni tí wọ́n ń ha egbò rẹ̀ lónìí ni yóò wá san gbèsè yẹn? Ẹ fún un ní awò, ẹ fún un ní oògùn.

Ta tiẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní awò lásán? Lọ́dún 2016, Yunifásítì Virginia wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti dókítà aláwọ̀ funfun tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bí ìdajì wọn ló gba irọ́ kan, ó kéré tán, gbọ́ nípa ara aláwọ̀ dúdú, bíi pé awọ rẹ̀ nípọn jù. Àfi bí ẹni pé erin ló wá gba abẹ́rẹ́! Àwọn tó gba irọ́ yìí gbọ́ náà ló fojú kéré ìrora aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston lè ké títí, kí wọ́n máa wò ó bí ẹni tó wá jí oògùn. Irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fẹ́ kó awò lé lọ́wọ́: ìyá, ẹ má pariwo, ẹ wo pẹ́ńgúìnì.

Ilé ìwòsàn tó bá ra awò, kó gbé ìwé oògùn rẹ̀ síta, ti ọdún tó ṣáájú awò àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí oògùn bá ti dín kù, aláìsàn ni kí wọ́n bi bóyá ìrora dín kù pẹ̀lú, kì í ṣe akápò.