Òjò Àkọ́kọ́ Lè Tàn Wá Jẹ

Nílẹ̀ Kétu, bí òjò bá ti rọ̀ lóṣù kẹta, kíá la ń gbin àgbàdo. Nísisìnyí, òjò a rọ̀, a sì dá. Irúgbìn a kú sínú ilẹ̀, ebi a sì dé bá àwọn ọmọ.

Ọlọ́run fi ìyàn ọdún 7 han Jósẹ́fù. Kò káwọ́ gbera, ó kó ọkà pamọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa gbọ́ ohun tí Météo-Bénin ń sọ nípa òjò lórí rédíò. Ká gbin ìdajì irúgbìn, ká fi ìdajì pamọ́. Ká wá àgbàdo tí í gbó láàárín oṣù 3. Ẹni tó bá ní, kó rántí opó tí irúgbìn rẹ̀ ti tán. Ká gbàdúrà, ká sì ṣiṣẹ́.