Ijó Àwọn Ìyá àti Ẹ̀tọ́ Wọn

Ẹni tí ó bá mọ Ṣakí àti Ìsẹ́yìn mọ bí àwọn ìyá ibẹ̀ ti í jó fún Ọlọ́run. Ní ọjọ́ Máólúdì, ẹgbẹ́ àsàlátù a wọ aṣọ kan náà, wọn a kọrin wákà. Ní ọjọ́ ìkórè, àwọn ìyá ìjọ a jó dé iwájú pẹpẹ. Àwọn ọkùnrin a pàtẹ́wọ́, wọn a lẹ owó mọ́ wọn níwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó láti pín ilẹ̀ tàbí láti yan ẹni tí yóò ṣojú ìlú, mélòó nínú wọn ni a ń ránṣẹ́ pè?

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o. Ẹ jẹ́ kí a rántí Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ kékeré ti àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tí ó mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, tí ó ń kọ́ wọn ní ìwé. Ní 1946 ó di ẹgbẹ́ ńlá. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aya àlùfáà, ni ó ṣáájú wọn. Ìjọba ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tí a kò fún wọn láṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní àríyá ni àwọn ń lọ ṣe. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kún iwájú ààfin pẹ̀lú orin àti ijó. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀, a dá owó-orí àwọn obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Lóòótọ́, Aláké padà ní 1950; ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò parẹ́. Ijó wọn ní ohun kan pàtó tí ó ń bèèrè.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀sìn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Al-Kùránì fúnra rẹ̀ fún obìnrin ní ìpín nínú ogún. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí ó dá FOMWAN sílẹ̀ ní 1985 kò sì fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àti ẹ̀tọ́ obìnrin.

Ní Òkè-Ògùn, obìnrin ni ó ń ṣa èso ẹmì nínú pápá, òun ni ó sì ń fi í ṣe òrí. Nígbà tí a bá gé igi ẹmì lulẹ̀ fún èédú, ta ni ó bi í léèrè? Ní Àbújá pàápàá, àwọn aṣòfin kọ àbá pé kí a ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin ní oṣù kẹta 2022. Nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà wọlé ní 2023, obìnrin 3 péré ni ó wà láàrin 109.

Nítorí náà, a ń rọ àwọn ìyá wa ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ má ṣe dá ijó yín dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orin yín dárúkọ ohun tí ẹ ń fẹ́. A sì ń wí fún àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn pé owó tí a lẹ mọ́ iwájú orí kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹ fún wọn ní àga nínú ìgbìmọ̀ tí ń pín ilẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ tiwọn kí a tó gé igi tí wọ́n fi ń jẹun.