Canal+ gba MultiChoice: kí ló kàn wá níbí?

Ẹ ti gbọ́ ọ: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé ló ń darí MultiChoice ti South Africa, tó ni DStv, GOtv àti Africa Magic Yorùbá. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Canal+ ti ra ROK, tó ń ṣe fíìmù ní Nàìjíríà, lọ́dún 2019.

Lọ́dọ̀ wa ní Igana, ní Pobè àti Sakété, ní ilẹ̀ Benin, Faransé ni wọ́n sábà máa ń fi sí fíìmù Nàìjíríà lẹ́nu lórí Canal+. Màmá àgbà á máa wo ẹnu tó ń mì, ọmọ-ọmọ á máa túmọ̀. Bí ilé méjì ti di ọ̀kan yìí, kò sí ohun tó ní kí ìkànnì Yorùbá má dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká bèèrè rẹ̀.

Ti owó tí à ń san lóṣooṣù ńkọ́? Èmi ò retí pé yóò wálẹ̀. Ní ti àwọn tó ń ṣe fíìmù, ọjà tí olùrà rẹ̀ bá ku ẹyọ kan, olùrà náà ní í dá iye lé e. Èyí lè ká wọn lára. Púpọ̀ nínú wọn ti ń gbé iṣẹ́ wọn sórí YouTube, níbi tí àwa náà ti lè wò ó, bí mégà bá ṣì kù lórí fóònù.