Ẹkún Ọmọ Kì Í Ṣe Ọjà Títà

Bí a bá ń bá òbí tí ó ń gbé ọmọ rẹ̀ síta fún aráyé wí, ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé ṣebí àṣà wa náà ni. Láti ayébáyé ni ìyá ìbejì ti ń jó kiri ọjà, Ifá ni ó sì máa ń pa á láṣẹ fún un. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a wo ijó náà dáadáa. Ìyá ni ó ń jó, ìyá ni ó ń kọrin, ìyá ni ó ń tọrọ. Kò sí ẹni tí ó ń já ọmọ ní èékánná kí ó lè ké. Ẹni tí ó ta wọ́n lọ́rẹ ń súre fún Táíwò àti Kẹ́hìndé ni, ó sì mọ agbolé tí wọ́n ti wá. Àwọn ọmọ gan-an ni òrìṣà tí à ń bọ.

Ohun tí mo rí ní Ẹ̀rìn-Ilé nígbà tí mo lọ kí àwọn ẹbí ní ọdún Iléyá kò jọ èyí rárá. Baba kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún fi ìbòjú rọ́bà bojú, ó sì fò yọ sí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ṣubú, ó tọ̀ sára. Àbúrò baba náà ti na fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Wọ́n ní Facebook ni àwọn ń gbé e lọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya kan, Michael àti Heather Martin, ń ṣe irú rẹ̀ lórí YouTube lábẹ́ orúkọ DaddyOFive. Wọ́n da tàdáwà sílẹ̀ nínú yàrá, wọ́n fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ wọn, wọ́n sì ń kígbe mọ́ ọn títí ó fi sunkún kíkorò, kí wọ́n tó sọ pé eré ni. Àwọn tí ó ń tẹ̀ lé wọn lé ní 700,000. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi pé wọn kò tọ́jú ọmọ bí ó ti yẹ, ó sì fi wọ́n sí abẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 5.

Ní ọdún 2020, fídíò ọmọkùnrin Èkó kan tí ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó fara balẹ̀ pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, Gómìnà Sanwó-Olú pàápàá sì gbé e jáde. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò pe ìyá náà ní ìkà. Ẹ̀rín tiwa ni ó ń bà mí lẹ́rù, nítorí ó ti kọ́ àwọn mìíràn pé omijé ọmọ ń mú òkìkí wá.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀, ó sì ka fífi ọmọ ṣagbe léèwọ̀. (Ẹni tí ó bá ń gbé ìbejì kiri lónìí nítorí owó nìkan, kí òun náà gbọ́.) Ní Illinois, láti oṣù keje ọdún 2024, dandan ni kí òbí ya apá kan owó irú fídíò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ. Ó dára. Ìtìjú ńkọ́? Ta ni yóò san án padà? Ìyàrá ni àwọn baba wa máa ń pe ọmọ sí láti bá a wí, wọn a sì fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra lẹ́yìn náà. Wọ́n ní a kì í fi ọmọ Ọrẹ̀ bọ Ọrẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo wí yìí, gbogbo agbolé ni ó rẹ́rìn-ín, àfi ìyá àgbà kan. Ó bi ẹni tí ó mú fóònù dání pé, "Àwọn wo ni yóò wò ó?" Ó ní, "Gbogbo ayé ni, Ìyá." Ìyá àgbà kò fèsì. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ìdí ọmọ náà, ó sì gbé e wọlé.